Orí Kẹsàn-án: Bí Ẹ̀sùn Mímutí Wakọ̀ Ṣe Ń Dín Kù àti Bí Ilé-Ẹjọ́ Ṣe Ń Dà á Nù

Àfojúsùn

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kó lè:

1. sọ ohun tí olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kí ẹ̀sùn mímutí wakọ̀ tó lè dúró;
2. ṣàlàyé ibi tí ẹ̀rí ẹ̀rọ àti ẹ̀rí ọ̀rọ̀ ẹnu ti lè ní àbùkù;
3. lo abala 35 àti 36 Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 fún ọ̀ràn awakọ̀ tí wọ́n mú;
4. fi ìyàtọ̀ hàn láàrin ìdásílẹ̀ àti ìdáláre, àti láàrin àdéhùn ẹ̀sùn àti rìbá.

9.1 Ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ àti òfin tó dé e

Ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́ gba Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà kọjá kó tó dé Ìkèjì-Arákeji àti Ọwẹ́nà, níbi tí ilẹ̀ Ọ̀ṣun ti fọwọ́ kan ilẹ̀ Oǹdó. Bọ́ọ̀sì akérò, ọkọ̀ tó ń kó kòkó àti tírélà ń gba ibẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ó ṣòro kí èèyàn dé gáréèjì kan lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kó má rí ẹni tó ń ta páráágà, agbo jẹ̀dí tàbí ọtí inú ọ̀rá. Awakọ̀ tó bá mu ún, tó sì jókòó sídìí ọkọ̀, ti wọ inú ọ̀ràn tí orí yìí dá lé.

Àbójútó ojú pópó kì í ṣe àjèjì ní agbègbè yìí. Ní 1977, nígbà tí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì wà lára àwọn tó gbé e ró. Ní oṣù kejì ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ fi Àṣẹ 45 dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí FRSC tàbí Road Safety. Ṣóyínká ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin FRSC ti 2007 ló ń ṣiṣẹ́ lónìí. Òun ló fún àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà lágbára láti mú awakọ̀ àti láti gbé e lọ sílé-ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n agbára láti múni kì í ṣe agbára láti dájọ́. Ní 2014, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó, níwájú Adájọ́ James Tsoho, sọ pé FRSC kò lè bu owó ìtanràn lé awakọ̀ lórí nígbà tí ilé-ẹjọ́ kò tíì dá a lẹ́bi. Ìwé tí wọ́n ń já lé awakọ̀ lọ́wọ́ lójú títì, ìfẹ̀sùnkàn lásán ni. Ẹni tó bá gbà pé òun jẹ̀bi lè sanwó. Ẹni tí kò bá gbà lè ní kí wọ́n gbé òun dé ilé-ẹjọ́, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni kò sì mọ̀ pé ọ̀nà kejì yìí wà.

9.2 Àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì

Ẹ̀sùn ni àkọsílẹ̀ tó sọ pé ẹnì kan rú òfin kan pàtó, tó sì dárúkọ ọjọ́, ibi àti òfin náà. Olùpẹjọ́ ni ẹni tó gbé ẹ̀sùn wá ní orúkọ ìjọba. Nínú ọ̀ràn wa, ó lè jẹ́ FRSC tàbí ọlọ́pàá. Olùjẹ́jọ́ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

Ìwọ̀n ọtí inú ẹ̀jẹ̀ ni iye gíráàmù ọtí tó wà nínú mìlílítà 100 ẹ̀jẹ̀. Ààlà tí Nàìjíríà fi lélẹ̀ fún awakọ̀ ni 0.05. Ẹ̀rọ ìdíwọ̀n ọtí ni ẹ̀rọ tí awakọ̀ ń fẹ́ èémí sí, tó sì ń ti ara èémí náà ṣírò iye ọtí inú ẹ̀jẹ̀.

Ìdásílẹ̀ ni kí ilé-ẹjọ́ ní kí olùjẹ́jọ́ máa lọ láìsọ pé ó jàre. Wọ́n ṣì lè gbé ẹ̀sùn kan náà padà wá. Ìdáláre ni kí ilé-ẹjọ́ sọ pé kò jẹ̀bi. Lẹ́yìn ìdáláre, abala 36(9) Ìwé Òfin kò gbà kí wọ́n tún fi ọ̀ràn náà pè é lẹ́jọ́ mọ́. Àdéhùn ẹ̀sùn ni ìfohùnṣọ̀kan tí òfin gbà láàrin olùpẹjọ́ àti olùjẹ́jọ́, pé olùjẹ́jọ́ yóò gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn tó fúyẹ́ tàbí kí ìjìyà rẹ̀ dín kù.

9.3 Ohun tí olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn

Abala 36(5) Ìwé Òfin sọ pé aláìlẹ́bi ni gbogbo ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn títí wọ́n yóò fi fìdí ẹ̀bi rẹ̀ múlẹ̀. Abala 135 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sì sọ bí ẹ̀rí náà ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó: ó gbọ́dọ̀ kọjá iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání. Kò sí lọ́rùn awakọ̀ láti fi hàn pé òun kò mutí.

Kókó mẹ́ta ló so ẹ̀sùn yìí ró, bí ọ̀kan bá já, ẹ̀sùn wó. Àkọ́kọ́, pé olùjẹ́jọ́ ló wa ọkọ̀ náà tàbí pé ọkọ̀ náà wà lábẹ́ àkóso rẹ̀. Bí wọ́n bá bá a tó ń sùn nínú ọkọ̀ tó dákẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ta ló rí i nígbà tó ń wà á? Ṣé òun ló wà á débẹ̀ lẹ́yìn tó mutí, àbí ó páàkì kó tó mu ún? Èkejì, pé ojú ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà ni, kì í ṣe àgbàlá ilé ẹni. Ẹ̀kẹta, pé ọtí inú ara rẹ̀ kọjá ààlà, tàbí pé ó ti ràn án dé ibi tí kò ti lè kápá ọkọ̀ mọ́. Orí ẹ̀kẹta yìí ni àríyànjiyàn máa ń pọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìgò bíà ńlá máa ń gba mìlílítà 600. Bí ọtí inú rẹ̀ bá jẹ́ 5 nínú 100, mìlílítà 30 ọtí gan-an ló wà níbẹ̀, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ bí gíráàmù 24. Lára ọkùnrin tó wọn kílógíráàmù 70, tó dà á mu lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ń lò gbé e dé bí 0.05. Ìgò kan ṣoṣo ti gbé e dé ẹnu ààlà. Ìgò méjì yóò gbé e dé bí 0.10. Ẹ̀dọ̀ a sì máa yọ nǹkan bí 0.015 kúrò láàrin wákàtí kan. Á ju wákàtí mẹ́ta lọ kí 0.10 tó sọ̀ kalẹ̀ sí 0.05. Kọfí kò mú un yára, omi tútù kò mú un yára. Obìnrin tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ yóò tètè kọjá ààlà.

Ìṣirò yìí wúlò fún ìhà méjèèjì. Ó fi hàn pé awakọ̀ tó ní “ìgò kan péré ni mo mu” kò tíì wí àwíjàre kankan. Ó tún fi hàn pé àkókò ṣe pàtàkì: bí wọ́n bá mú awakọ̀ ní aago méje alẹ́, tí wọn kò sì yẹ̀ ẹ́ wò títí di aago mẹ́sàn-án, iye tí ẹ̀rọ kọ ní aago mẹ́sàn-án kọ́ ni iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà tó ń wakọ̀. Ó lè ti lọ sókè, ó sì lè ti wálẹ̀. Olùpẹjọ́ ló ni ẹrù àtiṣàlàyé rẹ̀.

9.4 Àbùkù inú ẹ̀rí ẹ̀rọ

Ẹ̀rọ ìdíwọ̀n ọtí kì í wo ẹ̀jẹ̀; èémí ló ń wò. Bí ọtí bá ṣì wà lẹ́nu, bóyá awakọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ife kalẹ̀, tàbí ó fi oògùn olómi tó ní ọtí fọ ẹnu, tàbí ó gùfẹ̀, ẹ̀rọ lè kọ iye tó ga ju ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dúró fún ìṣẹ́jú 15 kí wọ́n tó ní kí awakọ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kan wà tó lè ṣi èémí ẹni tí àìsàn ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ ti le gan-an mú fún ọtí.

Nítorí náà, àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni lọ́yà olùjẹ́jọ́ máa ń bi ẹlẹ́rìí. Ìgbà wo ni wọ́n tún ẹ̀rọ yìí ṣe gbẹ̀yìn kí ìwọ̀n rẹ̀ lè péye? Ta ló lò ó, ta ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó? Ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fi dúró? Níbo ni ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde wà, ṣé aago àti ọjọ́ orí rẹ̀ sì bá ti ìwé ẹ̀sùn mu? Abala 84 Òfin Ẹ̀rí ní ohun tó béèrè kí ilé-ẹjọ́ tó gba ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde, títí kan ìwé ẹ̀rí láti ọwọ́ ẹni tó ń bójú tó o. Bí olùpẹjọ́ kò bá mú ìyẹn wá, lọ́yà lè ní kí ilé-ẹjọ́ má ṣe gbà á wọlé. Ẹ̀tọ́ láti da ìbéèrè bo ẹlẹ́rìí olùpẹjọ́ wà ní abala 36(6)(d) Ìwé Òfin.

Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ, ojú àti imú òṣìṣẹ́ ló kù: ojú rẹ̀ pọ́n, ẹnu rẹ̀ ń rùn, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ẹ̀rí ni, ṣùgbọ́n kò lágbára púpọ̀ bó bá dá dúró. Awakọ̀ tó ti Èkó wakọ̀ mọ́jú, ojú rẹ̀ yóò pọ́n láìmu nǹkan kan.

9.5 Ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ sọ àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ibi tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń bàjẹ́ tàbí tó ti ń gún nìyí, nítorí náà a ó fara balẹ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ wo awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n dá dúró lẹ́bàá Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Àpẹẹrẹ fún ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Wọ́n bi í pé kí ló mu. Ó ní: “Ọ̀gá, ẹ̀yìn ló ń dùn mí láti àná. Mo ra agbo ọ̀pá ẹ̀yìn ní gáréèjì, ife kékeré kan ni, ara mi sì yá.” Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òṣìṣẹ́ náà ń kọ. Ohun tó bọ́ sínú ìwé ni pé awakọ̀ jẹ́wọ́ pé òun mu ọtí líle kí òun tó gbéra. Wọ́n na bírò sí i, ó sì tọwọ́ bọ̀wé, nítorí pé kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì, èrò inú ọkọ̀ sì ti ń pariwo pé ilẹ̀ ń ṣú.

Kíyè sí ohun tó sọ nù. Agbo ti di ọtí líle. Ẹ̀yìn tó ń dùn ún kò sí níbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ife kékeré náà. Bí ìwé yìí bá dé iwájú adájọ́, ìjẹ́wọ́ pátápátá ló máa dà bí.

Abala 17 Òfin Ìṣàkóso Ìdájọ́ Ọ̀daràn ti 2015, tó dé ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀, fàyè gba kí lọ́yà, òṣìṣẹ́ Àjọ Ìrànlọ́wọ́ Òfin tàbí ẹlòmíràn tí ẹni tí wọ́n mú yàn wà níbẹ̀ nígbà tó bá ń sọ tẹnu rẹ̀. Bí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, kó kà á sí i létí títí yóò fi yé e, kí ẹni náà tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ògbufọ̀ náà sì fọwọ́ sí i. Ìlànà tí ilé-ẹjọ́ wa ti ń tẹ̀ lé láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́ níbi tó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì mú méjèèjì wá. Bí ògbufọ̀ kò bá wá jẹ́rìí, ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ ni ìtumọ̀ náà, ilé-ẹjọ́ kì í sì í gbára lé ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ. Abala 29 Òfin Ẹ̀rí sì ní kí ilé-ẹjọ́ kọ ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ipá tàbí ìhalẹ̀ gbà.

Lójú títì gan-an, abala 35(2) Ìwé Òfin fún awakọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi bá lọ́yà tàbí ẹni tó yàn sọ̀rọ̀. Dídákẹ́ kì í ṣe àfojúdi. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má sì rò pé bí ìjẹ́wọ́ bá ti bọ́, ẹjọ́ ti tán: ẹ̀rí ẹ̀rọ tàbí ti ojú lè ṣì gbé ẹ̀sùn dúró.

9.6 Ọjọ́ àtìmọ́lé

Láàrin wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú awakọ̀ fún un, ní èdè tó yé e. Abala 35(5) ní kí wọ́n gbé e dé ilé-ẹjọ́ láàrin ọjọ́ kan bí ilé-ẹjọ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ bá wà láàrin kìlómítà 40. Iléṣà, tó ní ilé-ẹjọ́ Májísíréètì, kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Nítorí náà, ọjọ́ kan péré ni òfin fún wọn. Bí wọ́n bá kọjá rẹ̀, ẹ̀sùn kò ṣàdédé kú. Ohun tí abala 35(6) fún ẹni tí wọ́n tì mọ́lé láìtọ́ ni owó gbà-má-bínú àti ìtọrọ àforíjì ní gbangba.

9.7 Àwíjàre tí òfin mọ̀

Òfin Ìwà Ọ̀daràn tó ń ṣiṣẹ́ ní gúúsù Nàìjíríà sọ ní abala 29 pé mímu ọtí yó kì í ṣe àwíjàre. Ó yọ ẹni tí ẹlòmíràn fi ìkà tàbí àìbìkítà mú yó láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i, tí kò fi mọ ohun tó ń ṣe. Bí wọ́n bá da ògógóró sínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò ẹnì kan níbi ìnáwó láìjẹ́ kó mọ̀, abala yìí lè ràn án lọ́wọ́.

Abala 25 kan àṣìṣe tó ti ọkàn òtítọ́ wá, tó sì mọ́gbọ́n dání. Awakọ̀ agbo tí a sọ lẹ́ẹ̀kan lè sọ pé omi ni òun rò pé wọ́n fi rẹ agbo náà, kì í ṣe ọtí. Ilé-ẹjọ́ yóò bi í pé: ṣé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ nìyí? Ṣé o kò gbóòórùn rẹ̀? Kí ni ẹni tó tà á sọ fún ọ? Ẹni tó ti ń ra páráágà láti ọdún dé ọdún kò lè rí ibi fi àwíjàre yìí sá sí.

Abala 26 kan pàjáwìrì òjijì. Ọkọ tó ti mu ẹmu sùn, tí ìyàwó rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí lóru, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, tí kò rí ọkọ̀ mìíràn tí yóò gbé e dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ní ohun tó lè sọ. Bó bá jẹ́ pé aládùúgbò tí kò mutí ti ní òun yóò gbé wọn lọ, tí ọkọ náà sì kọ̀ fún un, kò ní nǹkan kan láti sọ mọ́.

9.8 Bí ẹ̀sùn ṣe ń dín kù

Àwọn tó ń gbọ́ ìròyìn láti Amẹ́ríkà máa ń rò pé kí wọ́n sọ ẹ̀sùn ọtí di ẹ̀sùn ìwakùwà ni ìdínkù. Níbẹ̀, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Nínú ìwé ìtanràn FRSC, òdìkejì ni: ₦5,000 ni wọ́n kọ sí ìwakọ̀ lábẹ́ agbára ọtí, ₦50,000 ni wọ́n kọ sí ìwakọ̀ eléwu. Kí awakọ̀ tó gba ẹ̀sùn mìíràn, kí ó mọ iye tó rọ̀ mọ́ ọn. Ìdínkù gidi sábà máa ń wáyé níbi tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀, tí wọ́n to ẹ̀sùn lérí ara wọn, tí wọ́n sì wá yọ èyí tó wúwo jù nítorí ẹ̀rí kò tó.

Abala 270 Òfin Ìṣàkóso Ìdájọ́ Ọ̀daràn ti 2015 ló la ọ̀nà àdéhùn ẹ̀sùn. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é kí olùjẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹ̀rí tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá fara pa, òun tàbí aṣojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Àkọsílẹ̀ ni, adájọ́ yóò sì bi olùjẹ́jọ́ pé ṣé tinútinú rẹ̀ ló fi gbà. Ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ṣì lè bẹ̀bẹ̀ fún ìdínkù ìjìyà: pé ìgbà àkọ́kọ́ òun nìyí, pé kò sẹ́ni tó fara pa. Abala 460 òfin kan náà fún ilé-ẹjọ́ láyè láti ní kó ṣiṣẹ́ fún ìlú dípò ẹ̀wọ̀n.

Fún ìfiwéra, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà ń gbé, mìlígíráàmù 80 nínú mìlílítà 100 ẹ̀jẹ̀ ni ààlà. Scotland sọ tirẹ̀ di 50 ní oṣù kejìlá ọdún 2014, ó bá ti Nàìjíríà dọ́gba. Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi ní èyíkéyìí nínú méjèèjì kò gbọdọ̀ wakọ̀ fún oṣù 12 ó kéré tán, àfi tó bá ní ìdí pàtàkì.

9.9 Bí ilé-ẹjọ́ ṣe ń da ẹ̀sùn nù

Nígbà tí olùpẹjọ́ bá ti pe gbogbo ẹlẹ́rìí rẹ̀ tán, lọ́yà olùjẹ́jọ́ lè dìde pé kò sí ẹjọ́ tí oníbàárà òun yóò jẹ́. Ìdí méjì ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tẹnu mọ́ nínú ẹjọ́ Ibeziako pẹ̀lú Kọmíṣọ́nnà Ọlọ́pàá ní 1963: bóyá kókó kan nínú ẹ̀sùn kò ní ẹ̀rí kankan, tàbí ìbéèrè ti tú ẹ̀rí olùpẹjọ́ palẹ̀ débi pé adájọ́ olóye kan kò lè gbára lé e. Bí ilé-ẹjọ́ bá gbà á, olùjẹ́jọ́ lọ sílé láìsọ ọ̀rọ̀ kan.

Olùpẹjọ́ fúnra rẹ̀ lè fa ẹ̀sùn sẹ́yìn. Bó bá fà á kí wọ́n tó ní kí olùjẹ́jọ́ wá sọ tẹnu rẹ̀, ìdásílẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn náà, ìdáláre ni. Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ náà lè dá ẹjọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ dúró lábẹ́ abala 211 Ìwé Òfin.

9.10 Ohun tí kì í ṣe ọ̀nà òfin

Títẹ owó sí òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ kò dín ẹ̀sùn kù. Ó sọ ọ́ di méjì, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀ ni rìbá fún ẹni tó fún un àti ẹni tó gbà á. Kò sí ààfin tàbí olóṣèlú tó lè fagi lé ẹ̀sùn tó ti dé ilé-ẹjọ́. Àwọn àgbà lè bá ẹbí ẹni tó fara pa sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì bá wọn ṣètò owó ìtọ́jú, èyí sì lè wúlò nínú àdéhùn ẹ̀sùn tàbí nínú ẹ̀bẹ̀. Kò lè rọ́pò ìdájọ́.

Àtúnyẹ̀wò

Olùpẹjọ́ ló ni ẹrù ẹ̀rí. Ààlà ni 0.05, ìgò bíà ńlá kan sì lè gbé awakọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ, àkókò àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu ni ibi mẹ́ta tí ẹ̀rí ti sábà máa ń yẹ̀.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ìdásílẹ̀ àti ìdáláre? Èwo ni abala 36(9) kàn?
2. Awakọ̀ kan tó wọn kílógíráàmù 70 mu ìgò bíà ńlá mẹ́ta ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ṣírò bí ìwọ̀n ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò ṣe tó ní aago mọ́kànlá. Ṣé ó lè wakọ̀?
3. Ní ìpínrọ̀ kan, túmọ̀ ohun tí awakọ̀ inú 9.5 sọ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì láìjẹ́ kí nǹkan kan sọ nù. Fi wé ti ẹlẹgbẹ́ rẹ, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ ti yàtọ̀.
4. Wọ́n mú awakọ̀ kan ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọn kò gbé e dé ilé-ẹjọ́ títí di Ọjọ́bọ̀. Abala wo ni wọ́n rú, kí sì ni awakọ̀ náà lè béèrè fún?
5. Kọ ìbéèrè márùn-ún tí o máa bi òṣìṣẹ́ tó lo ẹ̀rọ ìdíwọ̀n ọtí.
6. Ẹ pín kíláàsì sí méjì, kí ìhà kan jẹ́ olùpẹjọ́, kí èkejì jẹ́ olùgbèjà, kí ẹ sì jiyàn lórí ọ̀ràn ọkọ tó gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn ní 9.7. Kí olùkọ́ ṣe adájọ́, kó sì sọ ìdí tó fi dájọ́ bẹ́ẹ̀.